Láti Ìkórè dé Kérésìmesì Nílé Wa l'Ábẹ́òkúta

Ní oṣù kìíní ọdún 1843 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S., kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, tí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ní Morwenstow, abúlé kan létí òkun ní ẹkùn Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Robert Stephen Hawker pe ìjọ rẹ̀ jọ pé kí wọ́n wá dúpẹ́ irè oko nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti máa ń ṣe àríyá ìkórè tiwọn látayébáyé, Hawker ló mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́nà tí àwọn ìjọ yòókù fi tẹ̀lé e. Ìsìn yẹn ni à ń pè ní Ìkórè lónìí. Ọdún kan náà ni Townsend àti Hawker dáwọ́ lé tiwọn, inú ilé bàbá mi ni mo sì ti rí i tí iṣẹ́ àwọn méjèèjì pàdé.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé Cornwall yìí náà ni Ìsìn Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án àti Orin tí a fi ń wọnú Kérésìmesì ti wá. Edward White Benson, bíṣọ́ọ̀bù Truro, ló ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1880, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ kàtídírà wọn lọ́wọ́ tó jẹ́ pé ilé pátákó ni wọ́n ti ń sìn. Ní 1918 ni King's College ní Cambridge gbà á ṣe, ibẹ̀ ló sì ti kárí ayé. Ìbẹ̀rẹ̀ àkókò ọdún wa àti ìparí rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn apẹja, àgbẹ̀ àti awakùsà ẹkùn kan ṣoṣo ni méjèèjì ti wá. Mo fẹ́ràn pé ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Caledonia fọ́ sétí òkun Morwenstow ní 1842, Hawker yìí ló ṣètò bí wọ́n ṣe kó òkú àwọn atukọ̀ tí omi gbé jáde, tó sì sin wọ́n sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹni tó sin òkú àlejò tí kò mọ̀ rí ló ní kí wọ́n wá kó irè oko síwájú Ọlọ́run ní ọdún tó tẹ̀lé e. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni.

Nílé wa, ọdún Kérésì kì í dúró de oṣù kejìlá. Bí òjò àrọ̀kúrò bá ti ń palẹ̀ mọ́, tí oṣù kẹwàá ń lọ sópin, Màmá yóò fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, yóò sì mú ìwé kékeré ẹlẹ́yìn dúdú kan nínú rẹ̀. Àdìrẹ ni Màmá ń tà ní Ìtòkú. Kò rí ilé ìwé lọ ní kékeré. Ní 1932 ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta; nígbà tó di 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé kíkà. Ibẹ̀ ni Màmá ti mọ a, b, d. Ìjà owó orí àwọn obìnrin, èyí tó mú kí Aláké fi oyè sílẹ̀ ní 1949, ni gbogbo ayé fi ń rántí àwọn obìnrin yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ìwé tí wọ́n kọ́ Màmá la kọ́kọ́ ń dárúkọ, nítorí pé òun ló fi kọ orúkọ gbogbo ilé tí oúnjẹ wa gbọ́dọ̀ dé kí ọdún tó parí.

Ojú ewé ọ̀tún wà fún Ìkórè, ti òsì wà fún Kérésì. Kò kọ orúkọ ìrìbọmi ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń pè wọ́n ló ṣe kọ wọ́n sílẹ̀: Ìyá Alákàrà, Alájì ojúlé kejì, Bàbá Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, àwọn ará Lántòrò. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ló kọ ohun tí yóò lọ síbẹ̀: iṣu, ẹ̀wà, epo, ìrẹsì, itan adìyẹ. Bí ẹnì kan bá kú, yóò fa ìlà sí i nídìí, yóò sì kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tàbí opó rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ mi sì ni ìwé náà wà. Ìtàn ìlú wa tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, mo rí púpọ̀ nínú rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá dé Abẹ́òkúta ní ọjọ́ lásán láyé ìgbà náà lè rò pé àwọn arúgbó àti ọmọ ilé ìwé ló ń gbé ìlú. Oko làwọn ènìyàn wà. Ẹ̀gbá a máa nílé nígboro kó sì ní abúlé lóko, Ìkórè àti Kérésì sì wà lára ohun tó máa ń kó wọn wálé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Oko, yóò dé ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké, àgbàdo gbígbẹ àti àkùkọ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Màmá yóò pín in sí ọ̀nà mẹ́ta lórí ẹní lẹ́yìnkùlé. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ń yọ, èyí tó dára jù sì ni. Ti inú ìwé ló tẹ̀lé e. Èyí tó kù ni tiwa. Kò ní dáná tiwa títí àwa ọmọ yóò fi dé gbogbo ilé tó rán wa. A ó gbé abọ́ lérí, a ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, mà. Màmá ní ká kí yín, wọ́n ní kí ẹ fi èyí panu.” Wọn yóò súre fún wa, wọn yóò sì ní ká bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ti fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe gbogbo òpó lọ́ṣọ̀ọ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìrèké máa ń dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, iṣu á tò lọ bẹẹrẹ sílẹ̀, ewúrẹ́ á máa ké lóde nígbà tí àlùfáà ń wàásù. Lẹ́yìn ìwàásù ni wọ́n á máa pe àwọn ènìyàn síwájú gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí a bí wọn: àwọn ọmọ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ ọjọ́ Ajé, títí yóò fi kan ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́rú ni wọ́n bí Bàbá mi, àwọn ọmọ Ọjọ́rú ò sì gbà kí ẹgbẹ́ kankan jó jù wọ́n lọ. Kí náírà tó dé ní 1973, tọ́rọ́ àti sísì ló wà nínú àpò ìwé àwa ọmọdé. Èyí tí mo gbádùn jù lọ ni gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn. Ọkùnrin kan á san owó gọbọi lórí ìdì ìrèké, á ní òun dá a padà fún Olúwa, kí wọ́n tún un tà. Mo ti rí àkùkọ kan tó bọ́ sọ́wọ́ olùrà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì tún padà sọ́wọ́ alágbàǹjo.

Ohun tí wọn kò tà ni àwọn ìyá ìjọ máa ń pín fún àwọn opó àti àwọn aláìlera ní ọjọ́ kejì. Kì í ṣe pé ó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi pín in o. Òfin Mósè ti wí fún àgbẹ̀ pé kó má ṣe kórè dé eteetí oko rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní èdè Yorùbá lẹ́nu Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí i bí ẹ̀kọ́ tuntun. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, iṣu tuntun kì í ṣe oúnjẹ àdájẹ. Ènìyàn á kọ́kọ́ fi í bọ, á fún àgbà ilé, á fún aládùúgbò, kó tó gún tiẹ̀. Èmi gbà pé ìdí nìyí tí Ìkórè fi rọrùn fún wa láti tẹ́wọ́ gbà ju ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí àwọn òyìnbó mú wá.

Ó ní ìdí mìíràn tí abọ́ fi gbọ́dọ̀ jáde nílé onígbàgbọ́ l'Ábẹ́òkúta, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 1867, ní àkókò tí à ń ṣe Ìkórè báyìí, àwọn ará ìlú dìde sí àwọn ilé ìsìn. Ìfọ́le ni àwọn àgbà ń pè é títí di òní. Wọ́n kó ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde. Ìjà láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí Glover ń darí l'Ékòó, lórí ilẹ̀, ọ̀nà òwò àti owó ibodè, ló wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lọ, ṣùgbọ́n orí àwọn ọmọ ìjọ ló fọ́ sí. Ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí Èkó, Glover sì fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Lára àwọn tó lọ ni ìyá ìyá ìyá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lọ. Àwọn tí kò lọ yìí ní láti máa bá àwọn aládùúgbò gbé: ẹni tó kó ẹrù, ẹni tó fi ẹrù pamọ́ fún wọn, àti ẹni tó dúró wò. Ìyá àgbà mi sọ fún mi pé ìyá òun kọ́ òun pé ilé tí ó bá ti jẹ oúnjẹ rẹ l'ọ́dún ni ìwọ náà lè sá wọ̀ lọ́jọ́ ogun. Èmi ò lè sọ pé torí Ìfọ́le ni àṣà abọ́ gbígbé fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ti wà ṣáájú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nílé tiwa, ẹ̀rù ọdún yẹn wà nínú rẹ̀, ìdáríjì sì wà nínú rẹ̀. Ilé Alájì ojúlé kejì ló wà lókè pátápátá nínú ìwé Màmá. Ẹran Iléyá tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé fún wa.

Lẹ́yìn Ìkórè, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Màmá á máa ra ìrẹsì ní díẹ̀díẹ̀, á máa sin adìyẹ. Ọyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ètè á máa là, a ó sì mọ̀ pé Kérésì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Kérésìmesì dé ilẹ̀ yìí kí Townsend tó rí Abẹ́òkúta rárá. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta nínú oṣù kejìlá ọdún 1842. Nígbà tó padà sí Agbádárìgì, ó bá Townsend tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ sin Ọlọ́run ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó sí ìsìn? Àwọn Sàró ni, ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kọ́ ìwé àti ìgbàgbọ́ ní Freetown, tí wọ́n sì ti ń wálé láti bí ọdún 1838 sí 1839. Àwọn ló kọ lẹ́tà pé kí àwọn òjíṣẹ́ máa bọ̀. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé àwọn òyìnbó méjì ló gbé Kérésì lé wa lọ́wọ́. Freeman fúnra rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀. Àwọn ẹni tó ti sọnù tó sì rílé padà ló mú ọdún yìí wá, ó sì hàn nínú bí a ṣe ń ṣe é: ọdún ìwálé ni.

Ojú irin ló sọ ìwálé yẹn di ńlá. Láti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésì, Bàbá á kó wa lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Láfẹnwá láti pàdé àwọn ẹbí Èbúté Mẹ́ta, àwọn ọmọ àwọn tó sá lọ ní 1867. Àǹtí kan wà lára wọn tí kì í wá láìmú bísíkíìtì inú páànù dání, a sì máa ń bá a gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Ìrẹsì náà bá wọn dé. Lọ́jọ́ Ìkórè, iyán ni. Lọ́jọ́ Kérésì, ìrẹsì ni, ọ̀pọ̀ ilé kì í sì í fojú kàn án láàárín ọdún. Ìwé Màmá fi bí ayé ṣe ń yí hàn. Ní bí ọdún 1976 sí 1977, nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ nílùú tí ìrẹsì òkèèrè sì kún ọjà, kò tilẹ̀ kọ ìwọ̀n mọ́, “ìrẹsì” lásán ló kọ. Lẹ́yìn 1985, nígbà tí ìjọba fòfin de ìrẹsì òkèèrè, òfin tó wà títí di 1995, “Ọ̀fàdà” ló ń kọ, pẹ̀lú iye kóńgò, àwọn ilé kan sì wà tó kọ “mọ́ínmọ́ín” sí níwájú. Kò yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò ní gbogbo ọdún yẹn. Oúnjẹ ló yí padà.

Ọjọ́ kejì Kérésì ni ti Lántòrò. Ilé ìwòsàn Sacred Heart tó wà níbẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà ló dá a sílẹ̀ ní 1895, orúkọ Fádà Coquard, ará Faransé tó tọ́jú àwọn ènìyàn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1933, kò sì tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Àwọn adẹ́tẹ̀ wà lára àwọn tó tọ́jú. Onígbàgbọ́ Áńgílíkà ni wá, ilé ìwòsàn Àgùdà sì ni Bàbá ń kó wa lọ, kò sì rí ohunkóhun nínú ẹ̀. Òun ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Akọrin mélòó kan, àwọn ọmọ Bọ́ìsì Bùrìgéèdì pẹ̀lú ìlù wọn, àwọn Mothers' Union pẹ̀lú ọṣẹ, ọsàn àti aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ: gbogbo wa la jọ ń lọ, láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù.

Bàbá kì í kọ orin tí wọ́n tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn aláìsàn. Ó ní ẹni tí ara ń ro kò yẹ kó tún máa wá ìtumọ̀ orin. T. K. E. Phillips, ẹni tó ta dùùrù ní kàtídírà Krístì l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953: bí ohùn orin bá ń lọ sókè nígbà tí ohùn ọ̀rọ̀ ń lọ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ á di nǹkan mìíràn létí Yorùbá. Bàbá ra ìwé náà, ó sì ń kà á bí Bíbélì. Orin ìbílẹ̀ ló ń dá fún wa lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, irú èyí tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ń kọ, ẹni tó kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nílùú London láàárín ọdún 1920 sí 1930. Mo rántí ìyá arúgbó kan tí nọ́ọ̀sì sọ pé kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n gbé e dé. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ kejì, ó gba ègbè. Bàbá kò jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin mi ń gbé ní gúúsù London báyìí. Ní oṣù kẹwàá, nígbà ìwọ́wé tí ewé igi wọn ń pọ́n tó ń jábọ́, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ náà ń ṣe Ìkórè, ṣùgbọ́n kò sí iṣu níbẹ̀. Ẹ̀wà inú agolo, ẹja inú agolo, tíì àti ṣúgà ni àwọn ọmọdé ń gbé lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n á sì kó o lọ sí ilé ìpín-oúnjẹ àdúgbò. Ẹgbẹ́ Trussell Trust ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ tiwọn ní Salisbury ní ọdún 2000, wọ́n sì ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ wọn. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ to agolo níbẹ̀ títí Kérésì fi ń dé. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, “Màmá, àwọn tó ń wá gbà á, kì í ṣe gbogbo wọn ni tálákà o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ wa wà níbẹ̀.” Mo ní kó bá mi ya àwòrán ojú ewé kan nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ. Ó ní wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn ya àwòrán orúkọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Màmá náà kì í fi ìwé rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Nílé níhìn-ín, ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ike aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, tí wọ́n ń jù nù. Àwọn ọmọ mi ní ó rọrùn, kò sí ẹni tí yóò fọ abọ́. Ṣùgbọ́n abọ́ tí a gbé lọ máa ń padà wá ni, òfìfo rẹ̀ kì í sì í padà wá. Ìyá Alákàrà á fi àkàrà díẹ̀ sí i, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ á fi ìdì ṣọkọ sí i, ẹni tí kò ní nǹkan á fi iyọ̀ sí i, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì gbé e wá, yóò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tiwa bí àwa náà ti ṣe. Báyìí ni ọmọ ilé Alájì fi mọ inú ilé wa tí àwa náà fi mọ tiwọn. Ike kì í padà wá, ọmọ tí ì bá gbé e wá náà kì í sì í wá.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ sí ọjà Kútọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo ra abọ́ onídèérí tuntun. Mo ti fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà orúkọ Màmá sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọmọ Alájì ti gbọ́, ó sì ti ní ilé àwọn ni kí abọ́ àkọ́kọ́ wọ̀ l'Ọ́jọ́ Ìkórè.